Àgùntàn Tí Kì Í Kú: Tẹ́ḿpìlì Ńlá ti Thanjavur

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ti ná ọjà Lomé tàbí ti Cotonou rí, ẹ ó ti rí àwọn àwòrán ilẹ̀ Íńdíà kan tí àwọ̀ wọn ń dán: òrìṣà ọlọ́wọ́ mẹ́rin, òrìṣà olórí mẹ́ta, obìnrin tó jókòó lórí òdòdó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti wà lára ògiri ojúbọ Mami Wata ní etíkun wa, tí àwọn olùsìn rẹ̀ sì ti fún wọn ní orúkọ àti ìtumọ̀ tuntun. A mọ ojú àwọn òrìṣà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n a kò mọ ilé wọn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ mú yín lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé náà lónìí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ títí di òní olónìí.

Ìlú Thanjavur ni ilé náà wà, ní ilẹ̀ Tamil ní gúúsù Íńdíà. Àwọn ìwé Faransé àtijọ́ ń pe ìlú náà ní Tanjore. Ibẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n ìtàn tiwọn àti ìtàn tiwa pàdé níbì kan. Àwọn Faransé tó jọba lé àwọn baba wa lórí jọba ní etíkun ilẹ̀ Tamil náà, ní Pondichéry àti ní Karikal. Ọwọ́ ọba Thanjavur gan-an ni wọ́n ti gba Karikal ní ọdún 1739, wọn kò sì gbé àwọn ìlú wọ̀nyí lé Íńdíà lọ́wọ́ títí di ọdún 1954. Nítorí náà, ọmọ tó ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ní Àjàṣẹ́ láyé ìjọba amúnisìn lè rí orúkọ Pondichéry nínú ìwé kan náà tó ti rí orúkọ ilẹ̀ tirẹ̀.

Ọba tó kọ́ ọ

Rajaraja Kìíní ni orúkọ ọba tó kọ́ ilé náà. Ìdílé Chola ni ó ti wá, ó sì jọba láti ọdún 985 títí di ọdún 1014. Nígbà tirẹ̀, kò sí ọba tó lágbára tó o ní gúúsù Íńdíà. Ó ṣẹ́gun àwọn ọba Chera àti Pandya, ogun rẹ̀ sì gba apá àríwá erékùṣù Sri Lanka. Àmọ́ ibi tí oúnjẹ àti ọrọ̀ ìjọba rẹ̀ ti ń wá ní ojoojúmọ́ ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Kaveri, ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ìrẹsì ti ń so wọ̀ǹtì-wọnti.

Ní nǹkan bí ọdún 1003 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1010, ní ọjọ́ 275 ọdún 25 ìjọba rẹ̀, ọba fi ìkòkò bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ta ilé náà lọ́rẹ, kí wọ́n gbé e lé ṣóńṣó orí rẹ̀. Shiva ni wọ́n kọ́ ilé náà fún, ṣùgbọ́n ọba fi orúkọ ara rẹ̀ kún un: Rajarajesvaram, ìyẹn ilé Olúwa Rajaraja. Brihadisvara, Olúwa Títóbi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí lónìí, lẹ́yìn náà ni orúkọ yẹn dé. Àwọn ará ìlú a máa pè é ní Tẹ́ḿpìlì Ńlá ní èdè wọn, kò sì sí ẹni tó ń ṣì í mọ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a kíyè sí ni òkúta. Akọ òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òkè, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni Thanjavur, kò sí àpáta nítòsí rẹ̀. Gbogbo òkúta wọ̀nyí ni wọ́n gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, láyé tí kò sí ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí a wọlé. Ẹnubodè méjì ni ẹ ó gbà kọjá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Lẹ́yìn wọn ni agbàlá tó gùn tó nǹkan bí mítà 240, tó sì fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 120. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó yí agbàlá náà ká. Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé ni Nandi, akọ màlúù tí Shiva ń gùn. Òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó sinmi lórí orúnkún rẹ̀, ó kọjú sí ilé olúwa rẹ̀. Lẹ́yìn Nandi ni gbọ̀ngàn olópòó wà, lẹ́yìn gbọ̀ngàn sì ni ilé inú, níbi tí linga wà, òpó òkúta tó jẹ́ àmì Shiva. Linga yìí ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba àjà méjì.

Lórí ilé inú yìí ni ilé gogoro náà ti dìde. Ó ga tó nǹkan bí mítà 60, ó ní àjà 13, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà ní ilẹ̀ Tamil, ẹnubodè ló ń ga ju ilé òrìṣà lọ. Ní Thanjavur, ẹnubodè tẹrí ba fún ilé.

Inú ilé gogoro náà ṣófo. Àwọn ọ̀mọ̀lé to òkúta ní ìpele-ìpele, wọ́n sì jẹ́ kí ìpele kọ̀ọ̀kan yọ sínú díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, títí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi sún mọ́ ara wọn lókè. Ìwọ̀n òkúta fúnra rẹ̀ ló dì í mú. Kí ìsàlẹ̀ lè gbé ẹrù yìí, ògiri méjì ni wọ́n mọ yí ilé inú ká, wọ́n sì fi ọ̀nà tóóró sílẹ̀ láàárín wọn.

Lára ògiri ọ̀nà tóóró ti ìsàlẹ̀ ni àwọn àwòrán ayé Chola wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnikẹ́ni kò fi rí wọn, nítorí pé àwọn ọba Nayak tó jọba lẹ́yìn náà ti ya àwòrán tiwọn bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọdún 1931 ni olùkọ́ yunifásítì kan, S. K. Govindaswami, rí i pé àwòrán mìíràn wà lábẹ́ èyí tó hàn sójú. Àwọn onímọ̀ wá ọ̀nà láti ṣí díẹ̀ nínú ti òkè láì bà á jẹ́, kí ti ìsàlẹ̀ lè rí ìmọ́lẹ̀.

Ní ọ̀nà tóóró ti òkè, ijó ni wọ́n gbẹ́ sára ògiri. Ìwé àtijọ́ kan nípa ijó àti eré, èyí tí wọ́n ní Bharata kọ, ka oríṣi ìgbésẹ̀ ijó 108. Àwọn agbẹ́-òkúta Thanjavur gbẹ́ 81 nínú wọn, Shiva fúnra rẹ̀ ló sì ń jó wọn. Òkúta 27 tó kù wà níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ojú wọn, kò sí nǹkan kan lára wọn. Ilé ọba tó tóbi tó báyìí náà ní iṣẹ́ tí kò parí.

Ògiri tó ń sọ̀rọ̀

Kò sí ilé ńlá tí àwọn ènìyàn kì í ti ìtàn mọ́. Wọ́n ní òjìji ilé gogoro náà kì í bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dúró ní agbàlá yóò rí òjìji náà nílẹ̀ kedere. Ìtàn ìbílẹ̀ mìíràn sọ pé Karikala, ọba Chola ìgbà ìwáṣẹ̀, ló kọ́ tẹ́ḿpìlì náà. Ìtàn yìí ti gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ Rajaraja fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní ọ̀rúndún 19, Eugen Hultzsch, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sára ìpìlẹ̀ àti ògiri ilé náà. Òkúta fúnra rẹ̀ ló dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ.

Rajaraja ti pàṣẹ pé kí wọ́n fín gbogbo ọrẹ sára òkúta: èyí tí òun fún tẹ́ḿpìlì, èyí tí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fún un, èyí tí àwọn ayaba fún un, àti èyí tí àwọn mìíràn fún un. Kundavai ni orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà. Ẹ kíyè sí i pé ọba dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáájú àwọn ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ipò tí àwọn ọmọbìnrin ilé wà nínú ẹbí wa kò ní bèèrè ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn wúrà àti péálì ni orúkọ àwọn ènìyàn tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin oníjó tó tó 400 wà lára ògiri náà. Wọ́n kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ti mú un wá, àdúgbò tó ń gbé, ipò tí ilé rẹ̀ wà ní àdúgbò náà, àti ìwọ̀n ìrẹsì tó tọ́ sí i lọ́dún. Àwọn onílù àti àwọn afunfèrè wà níbẹ̀. Aránṣọ, alágbàfọ̀, onígbàjámọ̀, amọ̀kòkò, gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ wúrà, awòràwọ̀, akọ̀wé ìṣirò, ẹni tó ń tan fìtílà, ẹni tó ń wọ́n omi, gbogbo wọn ni wọ́n ní ìpín tiwọn. Orúkọ olórí àwọn ọ̀mọ̀lé náà, Kunjaramallan, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òkúta sì sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí bá kú tàbí tó kúrò nílùú: ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ni yóò gba ipò rẹ̀, bí ó bá mọ iṣẹ́ náà, bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n yan ẹni tó mọ̀ ọ́n.

A kò gbọ́dọ̀ fi ojú ẹwà nìkan wo ọ̀rọ̀ yìí. Ògiri náà kò fi pa mọ́ pé díẹ̀ nínú wúrà tẹ́ḿpìlì wá láti inú ìṣúra tí ọba kó nígbà tó ṣẹ́gun àwọn Chera àti Pandya, àti pé àwọn abúlé ní Sri Lanka wà lára àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. A kò gbọ́ láti ẹnu òkúta bóyá àwọn oníjó 400 náà fẹ́ kúrò ní ìlú wọn. Nígbà tó yá, fífi ọmọbìnrin fún tẹ́ḿpìlì di ohun tó mú ìyà àti ẹ̀gàn bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, títí òfin fi fòpin sí i ní agbègbè Madras ní ọdún 1947. Orúkọ àwọn tó fa òkúta láti ọ̀nà jíjìn kò sí lára ògiri náà. Ọba ló yan orúkọ tí yóò wà níbẹ̀.

Àgùntàn 96 fún fìtílà kan

Síbẹ̀, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun kan wà nínú àwọn àkọlé ayé Chola tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú lọ sílé.

Fìtílà tẹ́ḿpìlì kò gbọ́dọ̀ kú. Ọ̀rá wàrà tí wọ́n yọ́ ni wọ́n fi ń tàn án. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi fìtílà kan ta òrìṣà lọ́rẹ, kò kàn gbé ọ̀rá wá lọ́jọ́ ọdún kí ó sì máa lọ. Ó ra àgùntàn 96, ó sì fi wọ́n fún darandaran kan. Darandaran náà gba wàrà wọn, ó ń jẹ èrè wọn, ó sì di dandan fún un láti máa gbé òṣùwọ̀n ọ̀rá kan wá fún fìtílà náà lójoojúmọ́. Bí àgùntàn kan bá kú, ọmọ rẹ̀ yóò rọ́pò rẹ̀. Bí òmíràn bá gbó, ọ̀dọ́ àgùntàn yóò gba ipò rẹ̀. Iye wọn kì í yẹ̀ kúrò ní 96. Nítorí náà ni àwọn akọ̀wé Chola ṣe ń pe irú agbo bẹ́ẹ̀ ní àgùntàn tí kì í kú, tí kì í sì í gbó. Orúkọ darandaran tó gba agbo wà lára òkúta, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò mọ̀.

Èdè Tamil ni wọ́n fi fín ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àlùfáà mọ Sanskrit, wọ́n sì ń fi í gbàdúrà, ṣùgbọ́n èdè ilé darandaran ni wọ́n fi kọ iṣẹ́ darandaran sílẹ̀.

Ní ọ̀rúndún 13, ìdílé Chola wọmi. Àwọn Pandya dé, àwọn Nayak dé, àwọn Maratha dé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé. Agbo àgùntàn Rajaraja ti tú ká tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n àṣà tó fi lélẹ̀ kò tú ká pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá gba ilé náà a máa tún un ṣe, a sì máa kọ ohun tó ṣe sára rẹ̀. Ní ọdún 1803, ọba Maratha tó wà lórí oyè fín ìtàn ìdílé tirẹ̀ sára ògiri kan náà ní èdè Marathi. Ní ọdún 1987, UNESCO fi tẹ́ḿpìlì náà sínú àkójọ ogún gbogbo ayé.

Ìtọ́jú ilé kò wà láì ní ewu àti àríyànjiyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1997, nígbà ètò ìsọdimímọ́ tẹ́ḿpìlì náà, iná ṣẹ́ yọ nínú àtíbàbà tí wọ́n pa sí agbàlá, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Òkúta kò jó. Àwọn tó wá jọ́sìn ló jóná. Ọdún 23 kọjá kí wọ́n tó tún ṣe irú ètò náà, ní oṣù kejì ọdún 2020. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹjọ́ kan dé Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Madras: ṣé Sanskrit ni kí wọ́n fi ṣe é ni, àbí Tamil? Ilé ẹjọ́ dá a pé kí wọ́n lo èdè méjèèjì. Àwa tí a ń tẹ ìwé yìí ní Yorùbá àti ní Faransé mọ ohun tí wọ́n ń jà fún. Ẹni tó ń tọ́jú ilé fẹ́ gbọ́ èdè ara rẹ̀ nínú ilé náà.

Agbo tiwa dà?

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́, tí fèrèsé wọn àti iṣẹ́ ọnà ara wọn dùn ún wò. Ní Kétu, ẹnubodè Akaba Idena wà, tí gbogbo ọmọ Kétu mọ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní àwọn ìlú wa mìíràn, agboolé kò ṣọ̀wọ́n tí ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún ti gbé inú rẹ̀. Amọ̀ ni a fi mọ ọ̀pọ̀ wọn. Akọ òkúta lè fi ara da ọgọ́rùn-ún ọdún láìsí olùtọ́jú, ṣùgbọ́n amọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òjò ọdún méjì ti tó láti wó ògiri tí òrùlé rẹ̀ ti jò.

Gbogbo wa la sì mọ bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń wó. Bàbá kú, àwọn ọmọ pín ká. Ọ̀kan wà ní Cotonou, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Paris. Gbogbo wọn ló ní ilé náà, kò sí ẹni tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìsìnkú nìkan ni wọ́n ń dáwó, tí wọ́n ń kun ojúde, tí wọ́n ń pa àtíbàbà. Ọjọ́ kejì, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀rá ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá. Wọn kò fi agbo sílẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kò di ìgbà tí a bá ní wúrà ọba. Ẹbí kan lè fohùn ṣọ̀kan pé owó àyálégbé ṣọ́ọ̀bù kan tó wà lójúde, tàbí èso ọgbà ọ̀pẹ kan, kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́: òrùlé ilé ló ni ín. Wọ́n lè yan ẹni tí yóò máa wo òrùlé náà kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ bí ó bá rìnrìn àjò tàbí bí ó bá kú. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí màmá tó ń gbé inú ilé náà lè gbọ́ ọ bí wọ́n bá kà á; kí wọ́n tún kọ ọ́ ní Faransé, kí ọmọ tó wà ní Paris má baà sọ pé òun kò rí i kà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ tiyín nínú èyí. Ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ bá àwọn àgbà agboolé yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ni owó tí wọ́n fi kọ́ ilé náà, nítorí òun ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó po amọ̀, ẹni tó kan ilẹ̀kùn, obìnrin tó ń ra ògiri lọ́dọọdún, àti ẹni tó se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, títí kan ti àwọn tí òkúta Thanjavur kò dárúkọ irú wọn. Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà ní ìbéèrè kan sí i: ta ni ìtọ́jú òrùlé ilé yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí?